Ẹsẹ̀ Iwájú Jíìpù Bàbá Awọnlẹ̀

                                        Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Epo,
                                        Ojú Ọ̀nà Òkè.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ Bàbá Awọnlẹ̀,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Báwo ni bàbá àwọn ọmọ? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti hù padà, àbí èrìgì ló ṣì fi ń rẹ́rìn-ín bí arúgbó? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o kì í sùn bí ọ̀rọ̀ Bàbá bá wà lọ́kàn rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí dípò kí n máa pariwo lórí fóònù tó ń gé mọ́ wa lẹ́nu. Bí o bá rí àbàwọ́n ọ́ìlì létí ìwé yìí, má bínú. Mo fọ ọwọ́ mi, mo tún un fọ̀, ara ni ọ́ìlì ń gbé.

Àwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Ara wa le, iṣẹ́ ń lọ, baálé mi sì ṣì gbà pé kò sí àìsàn kan tó ń ṣe mọ́tò láyé yìí tí kò ní wáyà nínú. Rẹwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ni mo fẹ́, rẹwáyà ni mo ń bá gbé.

Ó yá, kí n sọ ọ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ó má jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́: mi ò ta jíìpù Bàbá.

Má tíì pariwo. Mo mọ bí a ṣe sọ ọ́. O ní kí n jẹ́ kí àwọn onírin àlòkù wá gbé e kí oṣù tó parí, o ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń gbé lọ́rì bọ̀. O sunkún lórí fóònù, èmi náà sì ní kò burú. Mi ò purọ́ fún ọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé jíìpù yẹn yí Bàbá padà sẹ́yìn láàárín òkè, tó jẹ́ pé etí kòtò ni wọ́n ti rí i dá dúró, àyà tèmi náà já. Ojú ẹsẹ̀ ni mo gba ilé wọn lọ láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo bá Bàbá níwájú ilé lórí àga onígi wọn, wọ́n kọjú sí òkè. Oúnjẹ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò tiẹ̀ ṣí i. Ìwọ náà mọ ohun tó wà lórí òkè yẹn: ọgbà ọsàn tí wọ́n àti ìyá rẹ jọ gbìn nígbà tí èmi àti ìwọ ṣì ń pín bàtà kan wọ̀. Láti ìgbà tí Ìyá ti lọ, ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé òkè yẹn mọ́, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn níbí tó lè gùn ún bí òjò bá ti ń rọ̀. Bí jíìpù bá lọ, a ti ti ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ wọn nìyẹn.

Wọn ò bá mi jà. Ká ní wọ́n bá mi jà ni, ǹ bá gba kọ́kọ́rọ́ kí n sì máa lọ, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé ìjà kì í fà mí sẹ́yìn. Ńṣe ni wọ́n rọra bi mí léèrè, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Dókítà tí kò fọwọ́ kan aláìsàn, òun ló ń wá ibi tí wọ́n á sin ín sí!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Báyìí ni a ṣe jọ dá àdéhùn pé màá tú ọkọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí mo bá rí i pé kò ṣeé tún ṣe, tàbí pé ó ṣì lè ṣe irú ohun tó ṣe yẹn, àwọn fúnra wọn ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé àwọn onírin lọ́wọ́, wọn ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bó bá ṣeé tún ṣe, mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn. Ìwọ ni wọ́n ń bá wí o.

A wọ́ jíìpù wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì kọ́kọ́ wà á fúnra mi kí ojú mi lè dá. Lórí títì ọlọ́dà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò mọ nǹkankan. Ó di ìsàlẹ̀ òkè, mo fa ọ̀pá kékeré tó ń mú ẹsẹ̀ iwájú náà ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe tẹná mọ́ ọn báyìí, abẹ́ ìjókòó mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún: gbà, gbà, gbà! O máa rò pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn pé kí n ṣí fún òun. Mo wá fi sí èyí tó lágbára jù, èyí tí wọ́n fi ń gun òkè. Mi ò tíì lọ jìnnà tí ọ̀pá náà fi ta padà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, kò sí ẹsẹ̀ kan tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ọkọ̀ sì fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn. Mo fi gbogbo ara tẹ bíréèkì.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ inú mi tún dùn, torí mo ti mọ ohun tó ṣe Bàbá lọ́jọ́ náà. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ọjọ́ ogbó ni, pé ẹsẹ̀ Bàbá ló gbọ̀n lórí bíréèkì. Irọ́ ni. Gíà ló já kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, bíréèkì tí Bàbá sì tètè tẹ̀ ló gbà wọ́n lọ́wọ́ kòtò. Bí kò bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn ṣì yá, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Baálé mi ní wáyà ni. Iná kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tó máa ń tàn bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́, iná náà sì ń ṣẹ́jú. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni àrùn fara pamọ́ sí. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fa wáyà, ó lẹ wáyà, ó pààrọ̀ súìṣì. Nígbà tó fi jáde, iná yẹn tàn rekete bí òṣùpá. A padà sí ìsàlẹ̀ òkè, a tẹná: gbà, gbà, gbà! Mo ní, ẹ kú iṣẹ́ o, ó kéré tán ariwo wa ti wá ní iná. Ó bá mi rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé mi ò ní jẹ́ kí òun gbàgbé láéláé.

Àpótí irin kan wà lẹ́yìn gíà tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní tiransífà. Òun ló ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, tó ń pín in fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ iwájú. Ṣéènì ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa ti iwájú, gẹ́gẹ́ bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe ń fa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, àmọ́ eléyìí fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Mo fi jáàkì gbé jíìpù sókè, mo ki irin bọ abẹ́ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kúrò nílẹ̀, mo fi ọ̀pá sí ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Baálé mi di irin gígùn tó lọ sí ẹ̀yìn mú, èmi fọwọ́ yí èyí tó lọ sí iwájú. Ó yẹ kó kọ̀ fún mi. Kò kọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọdé tó ti ń mì. Mo ní, ṣéènì ti nà. Mo tú ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́. Pupa ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ dúdú ló jáde, ó sì ń dán wínníwínní nínú oòrùn. Irin ni, ọ̀rẹ́ mi, irin tó ti kúnná bí àtíkè.

A sọ àpótí náà kalẹ̀. Èmi gbé orí, baálé mi gbé ìdí, ìhà mi ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nígbà tí a là á sí méjì, ṣéènì náà rọ̀ dirodiro bí ìgbànú lára ẹni tó ti rù. Bó bá ti ń sáré, ó ń na ògiri àpótí, ó sì ti gbẹ́ ilà síbẹ̀. Irin olórí méjì tó máa ń ti gíà síbi tó yẹ náà ti jẹ tán létí, ìdí nìyẹn tí gíà fi ń já. Ìwọ̀nyí ṣeé pààrọ̀. Ilà ara ògiri yẹn ló kó mi láyà sókè. Bó bá ti lu, ó parí nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́ níbí, mi ò sì ní fi ohun tó ti lu gbé bàbá ẹnikẹ́ni gun òkè. Bàbá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n na ọrùn wò ó. Mo fọ ọ́ mọ́, mo rọ kẹrosíìnì sínú rẹ̀, mo sì dúró wo ẹ̀yìn rẹ̀. A dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Kò jò. Mo ní, "Bàbá, ó wà láàyè." Wọ́n jókòó sórí táyà tó sún mọ́ wọn jù, wọ́n ní kí a bu omi fún àwọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Jíìpù tí kì í gun òkè ju ìgbà díẹ̀ lọ lóṣù, kí ló jẹ ṣéènì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo bi Bàbá pé báwo ni wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá kékeré yẹn gan-an.

Inú wọn dùn pé mo béèrè. Wọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ Sọ́ńdè ni àwọn ń fún un ní eré ìdárayá. Láti iwájú ilé ni wọ́n ti ń fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á gba títì ọlọ́dà lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n á ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn, wọ́n á yí oríta ńlá po títí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù á fi máa juwọ́ sí wọn, wọ́n á sì padà sílé. Mo ní ṣé sítíárìn ò wá máa ń le. Wọ́n ní ó ń le o! Táyà á máa ké, ọkọ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí wọ́n bá yà sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo rò pé oríkèé ló ń ro ó ni, bíi tèmi. Bí orúnkún bá ń ro mí láàárọ̀, ṣebí ńṣe ni mo máa ń rìn títí á fi rọ̀."

Baálé mi sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín níta. Èmi gé ètè mi jẹ, mo ń wo ilẹ̀.

Jẹ́ kí n là á yé ọ, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Bí ọkọ̀ bá ń yà sí kọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn máa ń gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, kò ní sí ìjà. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò sí ibi yíyọ̀. Iwájú ń fà, ẹ̀yìn ń fà, ṣéènì ni wọ́n ń fà ya láàárín ara wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Gbogbo Sọ́ńdè ni Bàbá ti ń fi ẹ̀rọ yẹn sáàárín ìjà, wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀.

Mo wá béèrè pé ta ló ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, jókòó dáadáa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni." Wọ́n ní ìwọ lo sọ ọ́ lórí fóònù lẹ́yìn tí Ìyá lọ, pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú sùn, pé kí wọ́n máa lò ó déédéé kí inú rẹ̀ má baà dípẹtà. Mi ò rò pé o rántí. Ìmọ̀ràn náà dára o, èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. Ibi tí wọ́n á ti máa ṣe é ni o ò sọ. Awọnlẹ̀ sì ni bàbá rẹ: bí o bá ní kí wọ́n wọn ilẹ̀ dé ìdí igi, inú igi ni wọ́n á wọ̀n ọ́n dé. Nítorí náà, bí o bá ń wá ẹni tó ba jíìpù Bàbá jẹ́, dìde kí o lọ wo dígí.

Mo ti rẹ́rìn-ín rẹ tó. Ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Ṣéènì tuntun gba sùúrù. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ kọ́kọ́ gbé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wá, ó búra pé òun náà ni. Mo gbé e lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, mo ní kó tún búra. Ó gbé e lọ jẹ́jẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń retí èyí tó bá a mu, Bàbá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Wọ́n ń fi bẹntiróòlù fọ nọ́ọ̀tì, wọ́n ń tò wọ́n sínú agolo mílíìkì bí wọ́n ṣe máa ń to ohun èlò ìwọnlẹ̀ wọn láyé ọjọ́un: ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o dà wọ́n pọ̀. Wọ́n ń bá baálé mi jà lórí ibi tó ń ju sípánà sí. Wọ́n sì ń jẹun o! Bí wọ́n bá jẹ tiwọn tán, wọ́n á tún máa fojú wá ti baálé mi.

Ọjọ́ tí a tò ó padà, èrò pọ̀ lórí àpótí kan ṣoṣo. Ṣéènì àti irin eléyín méjèèjì tó gbé e lọ́rùn gbọ́dọ̀ jọ wọlé pọ̀ ni, èyí kan ò gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì. Èmi di ti òkè mú, baálé mi di ti ìsàlẹ̀, Bàbá ń pàṣẹ. "Rọra! Ọ̀tún! Ọ̀tún tèmi ni mo wí, kì í ṣe tìrẹ!" Ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Ó wọlé, ó sì jókòó pa. Mo fi irin olórí méjì tuntun sí i, mo pààrọ̀ bẹ́ríìnì àti rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, mo rọ ọ́ìlì pupa sí i títí ó fi ń kán lẹ́nu ihò. Nígbà tí a gbé e padà sábẹ́ ọkọ̀, mo tún fọwọ́ yí irin tó lọ sí iwájú. Ó kọ̀! Inú mi dùn débi pé mo fi ọwọ́ ọlọ́ìlì gbá baálé mi mọ́ra. Aṣọ funfun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Òjò ti rọ̀ kí ó tó di ọjọ́ ìdánwò, òkè kún fún ẹrẹ̀, ohun tí mo sì ń fẹ́ nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ wà á gòkè lọ, mo tún wà á bọ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Bàbá lọ́wọ́, tí mo sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fi sí èyí tó lágbára jù, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ ń ta sí fèrèsé. Kò sí gbà, gbà, gbà. Nígbà tí a dé kọ̀rọ̀ tó ti yí wọn padà, o ò ní gbà gbọ́, Bàbá dúró. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dúró láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kòtò yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an! Mo kígbe pe ìyá mi. Wọ́n ní, "Dákẹ́, Ọ̀gá. Ṣé o gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gbọ́ àbí o ò gbà á gbọ́?" Kí n tó wá èsì, wọ́n ti tẹná. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá ilẹ̀ mú, a sì ń lọ bí ẹni tí kò dúró rárá. Láti ìgbà tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe, mi ò tíì láyọ̀ báyẹn rí. Mo ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú mi, Bàbá sì ń kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀.

Ọsàn ti pọ́n lórí òkè, àwọn ẹ̀ka kan ti fẹ́ kan ilẹ̀. Bàbá lọ dúró nídìí èyí tí ìyá rẹ gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ́kọ́ nu ẹrẹ̀ ara ṣòkòtò wọn kí wọ́n tó kí i. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo lọ jẹ ọsàn títí ètè fi ń ta mí.

Àwọn onírin rẹ sì dé pẹ̀lú lọ́rì wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe jọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Bàbá kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n fún wọn lọ́sàn, wọ́n wá wọlé lọ gbé ṣéènì àtijọ́ jáde nínú ike. Wọ́n ní irin tí ọmọ àwọn ní kí wọ́n wá gbé rèé. Awakọ̀ wọn wo ṣéènì, ó wo lọ́rì ńlá tó wà wá. Ó gbé e lọ o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé. Mo kìlọ̀ fún Bàbá pé eré ìdárayá orí ọ̀dà ti tán o. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ojú wọn fà ro. Wọ́n ní, "Kí ni n ó wá máa ṣe fún un ní Sọ́ńdè?" Mo ní ta ni, jíìpù? Wọ́n ní rárá, ọmọ àwọn. Wọ́n ní ò ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn, ò ń béèrè ara àwọn, àmọ́ láti ìgbà tí Ìyá ti lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí o tíì rán àwọn nìyẹn, àwọn ò sì fẹ́ kí o gbọ́ pé àwọn ò jẹ́ ẹ.

 Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo mú wọn lọ sí pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ibi tí iyanrìn ti rọ̀. Mo ní níbí ni o, ẹ lọ tààrà, ẹ bọ̀ tààrà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Wọ́n ṣe é bí mo ṣe wí. Ṣùgbọ́n àwọn Sọ́ńdè yòókù ṣì ń bẹ nínú oṣù, ọwọ́ wọn sì ṣófo.

Nítorí náà, má sunkún fún wọn mọ́, má sì máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sinmi. Rán wọn níṣẹ́. Ní kí wọ́n ya àwòrán ọgbà ọsàn fún ọ, kí igi kankan má ṣẹ́ kù. Ní kí wọ́n kọ́ àbíkẹ́yìn rẹ ní orin wọn tí kò ní ọ̀rọ̀. Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o rán wọn. Àmọ́ bó bá ti jẹ mọ́ ti mọ́tò, jọ̀wọ́, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì gbá àbíkẹ́yìn mọ́ra fún mi. Baálé mi kí ọ gan-an. Ó ní bí ẹ̀yìn bá ṣì ń dun ọkọ rẹ, kí ẹ bá òun wo wáyà ilé yín. Bàbá ti jókòó tì mí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ pa ìwé yìí dé kí n tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ fún àwọn: Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, kí ni kí àwọn bá ọ ṣe?

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbọ́ràn,
                                        Ìyá Sípánà.